Òfin Tuntun Lórí Ilé Tí A Ti Kọ́ Tán: Ìtàn Géèmù Ìjà Róbọ́ọ̀tì Kan, 2013 sí 2025

Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Portsmouth, ìlú etíkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la fẹ́ gbé yẹ̀ wò. A ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, a ò sì ní dárúkọ géèmù rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbá a rí ò ní pẹ́ dá a mọ̀. Ẹni tí ò gbá a rí ò nílò orúkọ kó tó rí nǹkan mú nínú ọ̀rọ̀ náà. Èèyàn márùn-ún ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2013. Unity ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, irinṣẹ́ kan náà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ géèmù ní Èkó àti Ìbàdàn ń lò lónìí, ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí ò fi jìnnà sí wa tó bó ṣe dà bíi pé ó jìnnà.

Ẹ rántí bí ọjà géèmù ṣe rí lásìkò náà. Minecraft ti fi han ayé pé èèyàn lè jókòó fún wákàtí mẹ́fà, kó máa to búlọ́ọ̀kù lérí ara wọn, láìsí ẹni tó ń lé e. World of Tanks náà ti fi hàn pé géèmù ọ̀fẹ́, tí èèyàn ti ń gun àkàbà láti ọkọ̀ ogun kékeré dé ńlá, lè mú owó gidi wọlé. Àwọn ará Portsmouth pa méjèèjì pọ̀: ìwọ fúnra rẹ ni kó o to ọkọ̀ ogun rẹ ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kó o wà á jáde, kó o fi bá àwọn ẹlòmíì jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé e sórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Keje ọdún 2014, ní ẹ̀ka Early Access, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé géèmù tí ò tíì parí síta kí aráàlú lè máa gbá a bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Owó tó ń wọlé ń wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra àǹfààní kí èrè wọn lẹ́yìn ìjà lè yára pọ̀.

Ká tó lè mọ ohun tó bà á jẹ́, ó yẹ ká mọ ohun tó dùn nínú rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àṣìṣe lọ bà lé.

Gbogbo búlọ́ọ̀kù, táyà, ìyẹ́, ẹsẹ̀ aláǹtakùn, fáànù tó ń gbé nǹkan fò, àti ìbọn ló ní iye CPU, ìwọ̀n agbára tí géèmù fún róbọ́ọ̀tì, tó ń jẹ. Róbọ́ọ̀tì ò lè kọjá iye kan. Nígbà tó yá, 2,000 ni wọ́n fi sí fún róbọ́ọ̀tì lásán, 10,000 fún àwọn àràbà tí wọ́n ń pè ní megabot. Búlọ́ọ̀kù lásán ń jẹ CPU kan ṣoṣo, ìbọn ń jẹ púpọ̀. Nítorí náà, ìṣírò ni gbogbo rẹ̀: bó o bá fi ìbọn kún un, ara rẹ á tín-ín-rín; bó o bá fi ara sanra, ọwọ́ rẹ á ṣófo. Ìbọn lésà ń ta wéréwéré láti ìtòsí. Plasma ń ju bọ́ǹbù, àwọn tó bá fò lọ sókè ló sì ń gbádùn rẹ̀ jù. Ìbọn rail ń ta ẹyọ kan láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń wọlé. Ìbọn ìwòsàn wà tí kì í pa ẹnikẹ́ni: búlọ́ọ̀kù tó ti bọ́ lára ọ̀rẹ́ rẹ ló ń dá padà. Ẹgbẹ́ tó bá ní dókítà méjì tó mọ iṣẹ́ ṣòroó ṣẹ́gun.

Àmọ́ àga awakọ̀ ni ọkàn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo róbọ́ọ̀tì ló ní àga kan nínú. Ọta lè ré ìyẹ́ dànù, ó lè já táyà mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó lè ku ìbọn kan ṣoṣo tó ń rọ̀ dirodiro. Níwọ̀n ìgbà tí àga bá ṣì wà, o ṣì wà lójú ìjà. Búlọ́ọ̀kù tí ò bá sì ní ọ̀nà kankan mọ́ tó so ó pọ̀ mọ́ àga á já bọ́ sílẹ̀. Bí àga bá lọ, ó tán.

Ibí yìí ni ọgbọ́n àwọn tó ń gbá a ti yọ. Bí ọta bá ba búlọ́ọ̀kù kan, tí agbára rẹ̀ sì ju ohun tí búlọ́ọ̀kù náà lè gbà mọ́ra lọ, ìyókù á gba ibi ìsopọ̀ kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ḿbà kékeré ṣàlàyé. Ká ní ọta gbé 100 wá, búlọ́ọ̀kù sì lè gba 30. Ti àkọ́kọ́ fọ́, ó ku 70. Bó bá jẹ́ pé ìlà tààrà ni wọ́n so wọ́n mọ́ra, 70 á wọ inú ìkejì, ó fọ́. 40 á wọ inú ìkẹta, òun náà fọ́. 10 ló máa kù fún ìkẹrin. Mẹ́ta ti lọ. Ṣùgbọ́n bí àkọ́kọ́ bá so mọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, 70 yẹn á pín sí mẹ́ta: 23 fún ìkọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó máa fọ́ nínú wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo lo pàdánù. Àwọn ọ̀gá nínú ìkọ́lé róbọ́ọ̀tì wá ń fi ọ̀pá hun ara róbọ́ọ̀tì wọn bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, tí gbogbo oríkèé ń pín sí mẹ́ta, tí àlàfo wà láàárín. Triforce ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹnì kan ní Portsmouth tó jókòó ṣètò rẹ̀ pé báyìí ni kí ẹ máa kọ́ ọ. Àwọn tó ń gbá géèmù ló wá a rí. Bí o bá rí róbọ́ọ̀tì tí wọ́n fi kọ́, bí àtíbàbà tí ẹ̀fúùfù ò lè gbé ló ń rí, ìbọn ń lù ú, kò wó.

Ẹni tó bá ti lo ọjọ́ mẹ́rin láti hun irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ ni. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ yá a.

Àlébù wà níbẹ̀ o, a ò ní parọ́. Ìpele mẹ́wàá ni wọ́n pín àwọn ohun èlò sí. Búlọ́ọ̀kù ìpele kan ò lágbára tó ti ìpele kejì, wọ́n sì ń fi àpapọ̀ iye ohun tó wà lára róbọ́ọ̀tì pinnu ẹni tó máa bá a jà. Àwọn ọlọ́gbọ́nkọ́gbọ́n ń kọ́ róbọ́ọ̀tì tí iye rẹ̀ kéré lórí ìwé, tó sì burú lójú ìjà, wọ́n á lọ máa fi lu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tuntun náà á kọ́ ọkọ̀ kan tó rẹwà, ọta rail kan á wọ àárín rẹ̀, àga á lọ, ìjà á parí fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 20. Ó lè má padà wá mọ́.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí kò hàn sójú. Gbogbo ìpín tí a bá pín géèmù sí ló ń di ìlà ìdúró tirẹ̀. Ká ní ìpele 10 ni, ọ̀nà ìjà 3, àgbègbè sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì) 3. Ìlà 90 nìyẹn. Bí èèyàn 3,000 bá wà lórí ìlà lálẹ́ ọjọ́ kan, 33 péré ló máa bọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba, ìjà kan ṣoṣo sì lè gba 20 nínú wọn. Àwọn 13 tó kù á jókòó máa wo ojú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó ni géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa gé ìpín kù, ìdí tó mọ́gbọ́n dání ni wọ́n ní. Kókó yìí ṣe pàtàkì: kò sí ìpinnu kankan nínú ìtàn yìí tó jẹ́ ti aláìmọ̀kan. Ìkọ̀ọ̀kan ní ìdí tirẹ̀.

Ìyípadà àkọ́kọ́ dé lọ́dún 2015. Wọ́n gbé pápá ìjà tuntun jáde: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibùdó tó ń dáàbò bò, àwọn ibì kan wà láàárín tí a ń jà láti gbà, bí o bá sì kú, wàá tún padà wá. Láàárín àsìkò náà ni wọ́n yọ àga awakọ̀ kúrò. Kóòdù wá ń ka iye ara tó kù. Bí èyí tó fọ́ bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n kan, róbọ́ọ̀tì á bú gbàmù. Àwọn tuntun ò kú ní ìṣẹ́jú àáyá 20 mọ́. Èèyàn sì wá lè kọ́ ẹyẹ, akàn, dírágónì, ohunkóhun tó wù ú, torí pé kò pọn dandan mọ́ láti mọ odi yí àga kan ká. Ẹwà wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo triforce tí wọ́n ti hun, ìkarahun tí wọ́n ti yọ ẹyin inú rẹ̀ ni. Kí ló ń dáàbò bò mọ́? Àwọn ọ̀gá binú, díẹ̀ lọ, púpọ̀ dúró, wọ́n tún róbọ́ọ̀tì wọn kọ́ láti ìpìlẹ̀.

Iye èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ já lulẹ̀ nígbà náà, èrò tiwa sì ni pé àìjálulẹ̀ yẹn ló kọ́ ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀kọ́ tí ò tọ́. Wọ́n rò pé bí ariwo bá pọ̀ tó, á rọlẹ̀ náà ni.

Lásìkò kan náà ni wọ́n dá ibi ìpàtẹ kan sílẹ̀ nínú géèmù, tí èèyàn lè gbé róbọ́ọ̀tì rẹ̀ sí kí ẹlòmíì fi owó inú géèmù rà á. Nǹkan tó dáa ni, ó gbayì. Ó tún ṣe ohun kan tí a ò tètè rí: ẹni tuntun ò ní láti kọ́ nǹkan kan mọ́ kó tó jà. Á lọ síbi ìpàtẹ, á mú èyí tó ń pa èèyàn jù, á bọ́ sójú ìjà. Kò pẹ́ tí irú róbọ́ọ̀tì mẹ́rin márùn-ún fi kún pápá. Ẹni tó gbé dírágónì tó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wá ń bá páálí onígun mẹ́rin tó ní ìbọn mẹ́jọ pàdé, ó sì ń fìdí rẹmi.

Ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ wá gba ibòmíràn. Wọ́n pa ìpele mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ́. Búlọ́ọ̀kù di oríṣi kan ṣoṣo, ìbọn tó ní ẹ̀dà mẹ́wàá di ẹyọ kan tàbí méjì, a sì lè kun ara róbọ́ọ̀tì ní àwọ̀ tó wù wá. Lójú ẹni tó bá ń wo ìṣirò ìlà ìdúró tí a ṣe lókè, oògùn nìyí: ìlà 90 di 9. Àwọ̀ sì dùn, kò sẹ́ni tó kórìíra àwọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ìjókòó ẹni tó ti ń gbá a láti 2014. Ó ní róbọ́ọ̀tì kan ní ìpele 3, kékeré, tó ń sáré. Ọ̀kan ní ìpele 6 tó jẹ́ dókítà. Ọ̀kan ní ìpele 10, àràbà rẹ̀, tó fi oṣù mẹ́ta kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí gáréèjì rẹ̀. Kékeré ọjọ́sí wà nínú pápá kan náà pẹ̀lú àwọn àràbà. Ìbọn mẹ́fà tó wà lára dókítà ti di irú kan tó ń jẹ CPU mìíràn, àpapọ̀ rẹ̀ sì lè ti kọjá ààlà, kó má lè wọ ìjà títí ó fi máa gé nǹkan kúrò. Èyí tó fi oṣù mẹ́ta ṣe, búlọ́ọ̀kù kan náà tí ẹni tó dé lánàá ní ló fi kọ́ ọ báyìí. Kò sí ẹni tó jí nǹkan kan gbé o. Wọ́n kàn yí òfin ìkọ́lé padà lẹ́yìn tó ti kan òrùlé.

Ohun tó tún burú ju ti gáréèjì lọ ni pé àkàbà ti lọ. Ìpele ló ń fún èèyàn ní ohun tó ń lé: mo wà ní 5, mo fẹ́ dé 6. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, wọn ò fi nǹkan kan dí ihò náà, wọ́n sì wá rí i pé èèyàn ń gbá ìjà mẹ́wàá, ó sú u, ó lọ. Wọ́n ní láti wá nǹkan mìíràn tó máa mú kí ó wu èèyàn láti tún jà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ihò yìí ni wọ́n kó àpótí sí, lọ́dún yẹn kan náà.

Bí àpótí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Tẹ́lẹ̀, o jà, o gba owó inú géèmù, o ra ohun tó o fẹ́. Ní báyìí, o jà, wọ́n fún ọ ní àpótí kan tí dídára rẹ̀ dá lórí bó o ṣe ṣe dáadáa tó, o ṣí i, o bá ohun tí oríire bá gbé wá. Ẹni tó bá sanwó ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí o ò bá nílò, o lè fọ́ ọ padà sí owó kí o fi rọ èyí tí o fẹ́, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń san fún fífọ́ kéré gan-an sí iye tí rírọ ń gbà.

Nínú géèmù mìíràn, a lè fara mọ́ irú èyí. Bí àpótí bá fún ọ ní idà kan, idà náà ti tó lò. Nínú géèmù ìkọ́lé, ẹyọ kan ò wúlò. Kí lo fẹ́ fi táyà kan ṣe? Ọkọ̀ nílò mẹ́rin, kí wọ́n sì jọ ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹ́ ń lọ ní méjì méjì. Ẹsẹ̀ aláǹtakùn nílò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Ká ní irú ẹ̀yà 100 ló wà, tí gbogbo wọn ní oríire kan náà, tí àpótí kan sì ń gbé 4 jáde. Èèyàn nílò àpótí 100 ní ìpíndọ́gba kó tó rí mẹ́rin nínú irú táyà kan pàtó. Bí ìjà kan bá gba ìṣẹ́jú 10, nǹkan bíi wákàtí 17 nìyẹn lórí táyà nìkan, a ò tíì sọ̀rọ̀ ìbọn. Nọ́ḿbà àpẹẹrẹ ni o, fífọ́ àti rírọ sì ń dín in kù díẹ̀, àmọ́ bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó jókòó pẹ̀lú àwòrán dírágónì lórí, tó ṣí àpótí mẹ́ta, tó rí fáànù kan, ẹsẹ̀ kan, ìbọn méjì tí ò jọra: kò sí ohun tó lè kọ́.

Àtàǹpàkò lórí Steam yí sódò. Àwọn tó ti gbá géèmù náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí ló ń kọ ọ̀rọ̀ tó gbóná jù, àwọn gan-an tí ẹni tuntun máa ń ka ọ̀rọ̀ wọn kó tó pinnu bóyá kó fi dátà rẹ̀ wà á sílẹ̀. Géèmù ọ̀fẹ́ kò ní iye owó tó ń dá èèyàn dúró. Ohun tó ń dá a dúró ni ohun tí àwọn tó ti wọlé ń sọ lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n gbé ẹ̀dà kìn-ín-ní tó pé jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àpótí ṣì wà nínú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Crossout ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, géèmù mìíràn tí a ti ń fi ẹ̀yà ara kọ́ mọ́tò ogun. PUBG, géèmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jà títí ẹnì kan á fi kù, dé, Fortnite tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kọkànlá, àpótí inú géèmù Star Wars kan dá rògbòdìyàn sílẹ̀ jákèjádò ayé, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn aláṣẹ tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn géèmù kan jẹ́ tẹ́tẹ́ lábẹ́ òfin. Àwọn tó ń gbá róbọ́ọ̀tì ti pariwo ọ̀rọ̀ náà ní ohun tó ju ọdún kan lọ ṣáájú.

Ọdún 2018, iṣẹ́ mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ kékeré náà gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹta, wọ́n gbé géèmù kejì jáde, ti àjàkù-akátá, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já bọ́ láti òkè, tí ẹnì kan ṣoṣo á kù. Ní oṣù Kẹrin, ẹ̀dà ti Xbox One. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yọ àpótí kúrò nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ń dá ọ̀nà àtijọ́ padà tí èèyàn ti ń ṣí ẹ̀yà tó bá wù ú lẹ́sẹẹsẹ.

Ti àjàkù-akátá kò pẹ́ tó fi kú. Kò yani lẹ́nu: irú ìjà bẹ́ẹ̀ nílò èrò rẹpẹtẹ nínú ìlà kan kó tó lè bẹ̀rẹ̀, Fortnite sì ti kó èrò lọ. Lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, yíyọ àpótí ni ìpinnu tó dáa jù tí wọ́n ṣe láti 2015, àwọn tó kù sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bínú lọ ní 2016 ti ní géèmù mìíràn, ó ti ní ọ̀rẹ́ mìíràn níbẹ̀. Kò sí nínú ilé mọ́ láti gbọ́ pé wọ́n ti tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí àwọn nǹkan mìíràn: géèmù kan tí gbogbo ayé inú rẹ̀ jẹ́ páálí, àti àwọn géèmù ìkọ́lé tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ fisíìsì tuntun wò. Kò sí èyí tó kó èrò bíi ti àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ sì wà níbẹ̀, sáfà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àtúnṣe gidi ò wọnú rẹ̀ mọ́. Ní 2023, wọ́n gbé apá kejì rẹ̀ síta ní Early Access. Orúkọ àtijọ́ pe àwọn àtijọ́ wá, àwọn náà sì dé, wọ́n wò yíká, wọn ò rí ilé tí wọ́n mọ̀. Orí ìmọ̀ fisíìsì tí wọ́n kó jọ nínú àwọn géèmù ìkọ́lé ni wọ́n gbé e lé: ìwúwo àti ìsopọ̀ ń hùwà bíi tayé gidi, ọkọ̀ sì ṣòroó wà fún ẹni tó kàn fẹ́ jà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dáa fún onímọ̀ ẹ̀rọ, kò dáa fún ìjà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ pé àwọn máa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí ìkéde jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 pé ilé iṣẹ́ náà ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Sáfà géèmù àkọ́kọ́ náà bá a lọ.

Àwọn kan ń sọ pé ìdíje ló pa á, àwọn mìíràn ní àpótí ni. Méjèèjì jẹ́ òtítọ́ díẹ̀. Èyí tí àwa rí ni pé ohun kan ṣoṣo ni àwọn tó ń gbá géèmù yìí ní, róbọ́ọ̀tì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ, òun náà sì ni àtúnṣe ńlá kọ̀ọ̀kan lọ bà. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, o lè yí òfin padà láàárọ̀ ọ̀la, kò sẹ́ni tó pàdánù ilé. Níbi tí aráàlú ti kọ́ nǹkan, àtúnṣe kóòdù rẹ jẹ́ katakata ìjọba tó ń wó ilé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe irú géèmù yìí ní ohun kan tí àwọn yòókù ò ní: gbogbo róbọ́ọ̀tì wà nínú sáfà rẹ̀. Kó tó gbé òfin tuntun jáde, kó kọ kóòdù kékeré kan tó máa mú gbogbo róbọ́ọ̀tì tí wọ́n lò ní oṣù tó kọjá, kó kọjá lórí wọn pẹ̀lú òfin tuntun náà, kó ka ohun mẹ́ta: mélòó ló kọjá ààlà CPU, mélòó ló ní ẹ̀yà tí kò sí mọ́, mélòó ni agbára rẹ̀ yí padà gidigidi. Alẹ́ kan tó fún iṣẹ́ náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá bá bà jẹ́, àwa ò ní gbé e jáde bẹ́ẹ̀. A máa fún róbọ́ọ̀tì àtijọ́ ní ààyè láti máa jà lórí òfin àtijọ́ fún oṣù mélòó kan, kó dẹ̀ tán fúnra rẹ̀. Ẹ̀yà tí a bá pa rẹ́, gbogbo iye tí wọ́n fi rà á la máa dá padà, kì í ṣe ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Ní ti owó, ẹ ta àwọ̀, ẹ ta àyè gáréèjì, ẹ ta ìyára. Ẹ má fi ẹ̀yà tí èèyàn fi ń kọ́lé ta tẹ́tẹ́. Bó bá sì di dandan kí ẹ yọ àkàbà kan, kí òmíràn ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, torí ohun tí a bá fi ìbẹ̀rù dí ihò ló sábà máa ń jẹ́ àpótí. Ní ti ìlà ìdúró, bọ́ọ̀tì tí kọ̀ǹpútà ń wà lè kún àlàfo nínú àwọn ìjà ìbẹ̀rẹ̀. Á dín ìdúró kù láìpa ìpele rẹ́.

Ohun kan kù tí kò ná ilé iṣẹ́ kankan lówó, kò sì yẹ kó dúró di ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́. Kí ni róbọ́ọ̀tì jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà? Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan nílò nọ́ḿbà irú rẹ̀, báìtì 2. Ibi tó wà, báìtì 3. Ibi tó kọjú sí, báìtì 1. Àwọ̀ rẹ̀, báìtì 1. Méje ni gbogbo rẹ̀. Róbọ́ọ̀tì tó ní búlọ́ọ̀kù 2,000 jẹ́ báìtì 14,000, kò tó fọ́tò kan tí a fi fóònù yà. Bọ́tìnnì kan nínú gáréèjì, «gbé e sọ́dọ̀ mi», ìwé kan tó ṣàlàyé bí fáìlì náà ṣe rí, àti àwòrán àwọn ẹ̀yà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irinṣẹ́ tó lè ṣí i. Ọ̀sẹ̀ kan ni iṣẹ́ náà máa gba ẹnì kan. Kí ẹ ṣe é ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí owó ṣì wà.